Fèrè Tí N Kò Fọn

Inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Singer ni mo ti ń kọ̀wé yìí, láàárín àpò ṣúgà àti páálí sìpàgẹ́tì. Àwọn alábàárù ń pariwo níta, tírélà kan sì ti dí ojú ọ̀nà pa láti àárọ̀, nítorí náà kò sí oníbàárà tó lè wọlé. Mo ráyè.

Fídíò kan ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní báskẹ́tì. Nínú fídíò náà, ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù kan tí àwọn ọmọdé ń wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí káàkiri ayé, fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ẹni tó ń ṣọ́ ọ láyà. Ẹni yẹn ṣubú. Ìràwọ̀ náà ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, rẹfirí sì wà níbẹ̀ tó ń wò. Kò fọn fèrè. Ọmọ náà wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Díákónì, ẹ wo ojúsàájú! Ká ní ọmọ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló ṣe é ńkọ́, sà?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo fi àwòrán ẹ̀rín dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Láti ọdún 2009 ni mo ti mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn, n kò sì tíì sọ ọ́ fún yín rí.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kì í wo báskẹ́tì, ẹ jẹ́ kí n tètè là á yé yín. Ènìyàn márùn-ún márùn-ún ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ẹnìkejì, kí ó fà á, tàbí kí ó gbá a lápá. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, fáòlù ni. Rẹfirí yóò fọn fèrè, wọn yóò sì kọ ọ́ sí orúkọ ẹni tó ṣe é. Nígbà mìíràn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ yóò dúró lójú ìlà, yóò ju bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́. Ẹni tí fáòlù rẹ̀ bá pé márùn-ún yóò jáde, yóò lọ jókòó, kò sì ní wọlé mọ́ títí eré yóò fi parí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbá a ní Nàìjíríà àti ní ibi púpọ̀ láyé. Ní NBA, ìyẹn líìgì ńlá ti Amẹ́ríkà, mẹ́fà ni.

Ìdí kíkà fáòlù yìí ni ojúsàájú ti ń wọlé. Ẹ rò ó wò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sanwó wọlé nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sanwó nítorí rẹ̀. Bí fáòlù ìràwọ̀ náà bá pé mẹ́fà, yóò lọ jókòó, inú gbogbo ilé yóò sì bàjẹ́. Rẹfirí mọ èyí. Kò dìgbà tí ẹnì kan bá sọ ọ́ sí i létí, kò sì dìgbà tí wọ́n bá fún un lówó. Bí ó bá ti di ti ìràwọ̀, èémí tó yẹ kó fi fọn fèrè a kàn há sí i lọ́fun. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó fẹ́ràn eré náà ti ń sọ pé òfin méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ìràwọ̀, ọ̀kan fún àwọn yòókù.

Àwa ará Singer kò ṣàjèjì sí irú èyí. Bí oníbàárà tó ń ra ṣúgà tírélà kan bá wọlé, àga ń bẹ, omi tútù ń bẹ. Ìyá tó fẹ́ ra ìdajì páálí a dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Nígbàkígbà tí mo bá ka orí kejì ìwé Jákọ́bù, níbi tí ọkùnrin olóòrùka wúrà àti tálákà ti jọ wọ ilé ìsìn, ṣọ́ọ̀bù tèmi ni mo ń rí. Síbẹ̀, àga ni ìyẹn. Ká má parọ́, ta ni kò ní fún oníbàárà ńlá ní àga? Ìdí òṣùwọ̀n ló ti ń burú. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Kano rí mọ mudu, ẹ sì mọ̀ pé àwọn kan a máa lu ìdí rẹ̀ wọnú kí ó má baà gba ẹ̀kún rẹ̀. Bí mo bá fi mudu tó pé wọn fún olówó, tí mo wá fi èyí tí ìdí rẹ̀ ti wọnú wọn fún ìyá ọlọ́mọ lẹ́yìn, ọ̀ràn ti kúrò ní ti àga. Mudu ni fèrè jẹ́ lọ́wọ́ rẹfirí.

Eré yìí sì lè pa ènìyàn, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ lásán ni. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ọdún 1977, ẹgbẹ́ Los Angeles Lakers àti Houston Rockets pàdé ní Inglewood, nítòsí Los Angeles. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín pápá. Rudy Tomjanovich, ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ Houston, ń sáré bọ̀ síbi ìjà náà. Kermit Washington ti Lakers sọ lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn òun ni. Ó yíjú padà, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ pàdé ojú ẹni tó ń bọ̀. Egungun ojú Tomjanovich fọ́, omi tó yí ọpọlọ rẹ̀ ká sì ń jò. Díẹ̀ ló kù kí ó kú. Líìgì dá Washington dúró fún eré 26, wọ́n sì bu owó ìtanràn 10,000 dọ́là lé e lórí. Tomjanovich kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní sáà yẹn.

Tomjanovich dárí ji Washington, ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Ọkùnrin yìí kan náà ló padà di kóòṣì Houston, abẹ́ rẹ̀ sì ni ọmọ wa láti Èkó, Hakeem Ọlájùwọ́n, ti gba ife-ẹ̀yẹ NBA lọ́dún 1994, tí wọ́n sì tún gbà á lọ́dún 1995. Àwọn òbí Hakeem ń ta símẹ́ńtì l'Ékòó. Oníṣòwò bíi tiwa ni wọ́n. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ èyí, pé ẹni tó darí Hakeem dé ògo rẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n fọ́ lójú, tó sì dárí jì.

Rẹfirí méjì ló máa ń wà lórí pápá nígbà náà. Ní sáà tó tẹ̀lé e, líìgì fi ẹnìkẹta kún un. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n sì dá a padà ní 1988. Láti ìgbà náà, ojú mẹ́fà ló ń ṣọ́ ènìyàn mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ará Sacramento léèrè bóyá ojú mẹ́fà tó. Lọ́dún 2002, nínú eré kẹfà láàárín ẹgbẹ́ wọn àti Lakers, ìgbà 27 ni Lakers ju bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìdá kẹrin eré náà nìkan. Ìràwọ̀ ló kún inú Lakers nígbà náà, Sacramento sì pàdánù. Títí dòní wọn kò gbà pé ojú lásán ni. Nígbà tó sì di 2007, àṣírí Tim Donaghy tú, rẹfirí NBA tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré tí òun fúnra rẹ̀ ń darí. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Ti Donaghy kò ṣòro láti yé ènìyàn. Owó ni. Ẹni tí kò gba kọ́bọ̀, tí ojú rẹ̀ sì rí gbogbo rẹ̀ kedere, ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, nítorí èmi ni.

Ọjọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde ni, lọ́dún 2009. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Sabon Gari rántí bí Àjíǹde ṣe máa ń rí: aṣọ tuntun, ìrẹsì, àti eré ìdárayá láàárín ọ̀dọ́ ìjọ kan sí èkejì. Pápá ilé-ìwé kan la lò. Kọnkéré ni ilẹ̀ rẹ̀, irin àwọ̀n kan sì ti tẹ̀ sápá kan. Èmi ni rẹfirí, nítorí èmi ni mo gbá báskẹ́tì nígbà tí mo wà ní Pólì, èmi ni mo sì ní fèrè. Pé ìjọ mi wà lára àwọn tó fẹ́ gbá a kò kọ ẹnikẹ́ni lóminú. Wọ́n ní Díákónì kò lè ṣe ojúsàájú.

Ẹgbẹ́ wa ní ìràwọ̀ tirẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bíi tèmi, ó ń kọ́ òwò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan níbí ní Singer. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ga, apá rẹ̀ sì gùn débi pé kò nílò àkàbà láti gbé páálí orí pẹpẹ. Bí ó bá fò, ẹ ó ka ení, ẹ ó ka èjì, kò tíì ní sọ̀kalẹ̀. Kano sì kì í ṣe ìlú tí wọn kò ti mọ báskẹ́tì. Ẹgbẹ́ Kano Pillars tí ẹ mọ̀ sí ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní ti báskẹ́tì pẹ̀lú, wọ́n sì ti gba líìgì orílẹ̀-èdè yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ẹnì kan láti ẹgbẹ́ ńlá kan wà láàárín èrò, pé ọmọ wa ló wá wò. N kò mọ ẹni náà títí dòní, n kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ kí n tó fi fèrè sẹ́nu.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn ẹgbẹ́ kejì fi ayò kan ṣáájú wa. Ọmọ wa ti ní fáòlù mẹ́rin lọ́rùn. Ọmọkùnrin kékeré kan wà nínú ẹgbẹ́ kejì, ọmọ Ìgbò, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ aládùúgbò mi gan-an ni. Ògiri kan ṣoṣo ló la ilé wa. Kò ga, ṣùgbọ́n ó yára bí òkété. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó yọ́ kọjá láàárín ẹni méjì, ó fò láti jù ú sínú àwọ̀n. Ọmọ wa rí i pé òun kò lè bá a mọ́. Ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì fi èjìká gbé e lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbá báskẹ́tì rí mọ̀ pé kò sí ìwà tó burú tó èyí. Ẹni tó wà lókè kò ní ohun tí yóò dì mú. Ó yí po lójú òfuurufú, ó sì fi apá òsì balẹ̀ lórí kọnkéré. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. N kò jìnnà sí wọn ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ.

Fèrè wà lẹ́nu mi. Mo fa èémí sínú. Láàárín ìgbà tí mo fa èémí yẹn àti ìgbà tó yẹ kí n fọn fèrè, mo ti ro ó kíákíá bí ẹni ń ka owó ọjà: pé ìkarùn-ún rẹ̀ nìyí, pé ẹni tó wá wò ó ń wò ó, pé ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀kọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní olùrànlọ́wọ́ mìíràn, pé àwa la ó pàdánù. Mo sì mí èémí náà jáde nímú. Mo na ọwọ́ síwájú pé kí eré máa lọ. Àwọn tiwa gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n sáré lọ jù ú sínú àwọ̀n lápá kejì, ọmọ yẹn sì wà nílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ènìyàn wa hó yèè.

A borí. Ayò méjì la fi borí, ọmọ wa ló sì ju èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tó kù.

Nígbà tó di alẹ́, bàbá ọmọ náà kan ilẹ̀kùn mi. Ilé ìwòsàn ló ti ń bọ̀. Kò pariwo rárá. Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká, Sabon Gari ni wọ́n bí i sí. Ó ní, "Díákónì, ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín. Wọ́n ní ọmọ yẹn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ṣé ẹ rí i?"

Mo ní n kò rí i. Mo ní àwọn ọmọ dí mi lójú.

Ó ní, "Ó dáa. Bí ẹ̀yin ò bá rí i, a jẹ́ pé kò hàn ni." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ. Ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́.

Apá ọmọ náà jinná, ṣùgbọ́n kò jinná dáadáa. Kò lè gbé e kọjá èjìká mọ́. Kò sì gbá báskẹ́tì mọ́.

Ọmọ tiwa ńkọ́? Ẹgbẹ́ kan mú un ní ìlú mìíràn, inú gbogbo wa dùn, a tilẹ̀ fi ṣe ìdúpẹ́ nínú ìjọ. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi lé e. Ó gbá ẹnì kan lójú níwájú rẹfirí tí kò mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó padà sí Kano, ó wá jókòó síwájú mi nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, lórí àga tí mò ń fún oníbàárà ńlá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe tí mi ò ṣe rí?"

N kò rí èsì fún un. Nínú eré àṣekágbá NBA lọ́dún 2016, nígbà tí wọ́n dá Draymond Green dúró fún eré karùn-ún, ìdajì ayé ní torí pé LeBron James ló gbá ni wọ́n ṣe dá a dúró. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹgbẹ́ Green ló ń ṣáájú pẹ̀lú eré mẹ́ta sí ọ̀kan, wọ́n sì pàdánù ife náà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹnì kan ti ń kọ àwọn àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun náà sì mọ̀ pé wọ́n ń kọ ọ́. Ta ló kọ ti ọmọ wa sílẹ̀? Élì àlùfáà gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe nínú tẹ́ńpìlì, ó sì rọra sọ̀rọ̀. Èmi kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun mọ ojúsàájú láti apá kejì rẹ̀. Ẹ ti sọ fún mi lórí fóònù: ibi iṣẹ́ tí ẹ̀yin ti ń ṣe àṣìṣe kan tí wọ́n á kọ lẹ́tà, tí ẹlòmíràn á ṣe mẹ́wàá tí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Àwa náà jẹ́ àlejò níbí, a mọ bó ṣe máa ń rí lára. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn wá tó bẹ́ẹ̀ bí a bá rí i nínú fídíò. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fi fídíò ìgbà tí wọ́n ṣe é fún wa ránṣẹ́.

Ọdún méjìlá kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà. Èmi àti aládùúgbò mi ń kí ara wa, a ń jọ ra dísù fún jẹnẹrétọ̀, a kò sì dárúkọ Mọ́ńdè Àjíǹde yẹn mọ́. Nígbà tó wá di oṣù Keje ọdún 2021, ọjọ́ Iléyá, Singer tì pa, ìlú kún fún òórùn ẹran sísun. Òru ọjọ́ yẹn ni Milwaukee Bucks àti Phoenix Suns fẹ́ gbá eré kẹfà ti àṣekágbá NBA. Aago méjì òru ni lọ́dọ̀ tiwa. Kò sí iná. A tan jẹnẹrétọ̀, àwọn bíi mẹ́jọ sì kóra jọ sí pálọ̀ mi, aládùúgbò mi wà lára wọn.

Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Nítorí Giannis Antetokounmpo ni. Àwọn Gíríìkì ló kọ orúkọ náà báyẹn, Adétòkunbọ̀ ni. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀, Athens ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1994. Àwọn òbí rẹ̀ kò ní ìwé ìgbélùú, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a sì máa kiri aago àti awò ojú lójú títì láti rí oúnjẹ jẹ. Ọmọ tí adé tòkun bọ̀, tó sì ń kiri ọjà nílẹ̀ àjèjì! Ẹ wo bí ó ti jọ ọ̀pọ̀ nínú yín. Èmi sọ pé tèmi ni nítorí bàbá rẹ̀, aládùúgbò mi sọ pé tòun ni nítorí ìyá rẹ̀, a sì jọ ń pariwo pọ̀.

Bí Giannis ṣe máa ń ṣe nìyí: a gba bọ́ọ̀lù, a sọ orí kalẹ̀, a sì wọ àárín ènìyàn bíi tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já. Àwọn tí kì í ṣe tiwa ti ń ráhùn tipẹ́ pé ó ń fi èjìká ti ènìyàn tí wọn kì í fọn fèrè fún. Nígbà tó ṣe é lóru ọjọ́ náà, aládùúgbò mi ní, "Hẹn-ẹn, fáòlù nìyẹn. Ó yẹ kí wọ́n fọn ọ́."

Mo ní, "Fáòlù kẹ̀? Ọmọ wa ń lọ sílé rẹ̀ jẹ́jẹ́ ni."

Ó ní, "Tèmi náà ni, Díákónì. Fáòlù ṣì ni." Ó mu omi díẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ó wá ní, "Ẹ̀yin, ojú yín kì í ríran bó bá ti di ti ọmọ yín."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Bóyá àwàdà ni. N kò lè sọ. Àyà mi já.

Giannis ní àmì 50 lóru yẹn. Nínú 19 tí wọ́n ní kó jù lọ́fẹ̀ẹ́, ó ju 17 wọlé, ẹni tí àwọn èrò alátakò ti ń fi kíka ení, èjì, ẹẹ́ta yọ lẹ́nu ní gbogbo àsìkò náà nítorí pé ó ń pẹ́ kó tó jù ú. Ẹ má ṣe gbọ́ mi lódì. Kò sí rẹfirí tó lè bá ènìyàn ju 17 nínú 19. Ọmọ náà tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Milwaukee borí, 105 sí 98, ife-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà láti 1971. Pálọ̀ mi dàrú fún ayọ̀, wọ́n gbé mi sókè. Èmi sì ń wo ẹ̀yìn orí aládùúgbò mi.

N kò sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mò ń bi ara mi pé kí ni àǹfààní rẹ̀. Láti ọdún 2015, NBA ní àṣà kan: bí eré kan bá le dé ìparí, wọn a yẹ ìṣẹ́jú méjì ìkẹyìn rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, wọn a sì kọ ọ́ jáde lọ́jọ́ kejì fún gbogbo ayé pé, níbí yìí, ó yẹ kí rẹfirí fọn fèrè, kò fọn ọ́. Wọn kì í yí àmì ayò padà. Ẹni tó pàdánù ti pàdánù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àní àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn. Èmi náà ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

Nígbà tí mo gbọ́ pé aládùúgbò mi ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo jáde lọ bá a. Mo ní, "Mo rí i." N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì bi mí pé kí ni mo rí. Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tí òun wá kanlẹ̀kùn, nítorí pé n kò béèrè bí ọmọ náà ṣe wà kí n tó dáhùn ìbéèrè òun. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kì í ṣe èmi ni ẹ ṣẹ̀, Díákónì. Apá tèmi kò ṣẹ́." Ó mú fóònù jáde lápò, ó ka nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ fún mi.

Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó pè é. Enugu ni ó wà, ó ti níyàwó, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: ìkarùn-ún tí mò ń kà nínú ọkàn mi, ẹni tí wọ́n ní ó wá wo ọmọ wa, èémí tí mo mí jáde nímú, irọ́ tí mo pa fún bàbá rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rò pé iná fóònù ti lọ.

Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fáòlù mélòó ló ní kó tó gbé mi ṣubú?"

Mo ní mẹ́rin.

"Á jẹ́ pé ìkarùn-ún rẹ̀ nìyẹn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìkarùn-ún rẹ̀ ni.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ìbínú. Ó ní, "À bá ti nà yín."

Mo ní, "Ẹ̀ bá ti nà wá."